Ọgbà Màmá Onírúgbìn ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn: ẹ mú ìwé yín dání o

Ó ti pé oṣù mẹ́tàlá báyìí tí mo ti ń ra irúgbìn lọ́wọ́ màmá kan ní agbègbè Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ò ní sáìnbọ́ọ̀dù, Màmá Onírúgbìn ni gbogbo àwa oníbàárà ń pè wọ́n, orúkọ yẹn náà ni màá lò. Àwọn tó bá wá kí mi nílé tí wọ́n rí ẹ̀yìnkùlé mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé níbo lo ti rà á, mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn títí, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ dáadáa, torí kì í ṣe irúgbìn nìkan ni mo rí gbé bọ̀ láti ibẹ̀.

Òǹkọ̀wé ni mí. Eré orí rédíò àti ìtàn kéékèèké ni mo ń kọ, lédè Yorùbá, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi jẹun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá, nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, oṣù mọ́kànlá ti lọ tí mi ò kọ ìlà kan tó ṣeé kà sétí ẹnikẹ́ni. Màá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, màá kọ, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, màá tún un pa rẹ́, ilẹ̀ á ṣú. Ẹni tó bá ń fi orí ṣiṣẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n lọ wá nǹkan tí màá máa fọwọ́ ṣe, pé ẹ̀yìnkùlé tí mò ń sanwó ẹ̀ mọ́ owó ilé yẹn, ṣé koríko ni màá máa fi sìn ni.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ò ní tètè mọ̀ pé wọ́n ń tajà níbẹ̀. Ilẹ̀ tóóró kan ni, láàárín fẹ́ǹsì ilé kan àti gọ́tà, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì dúdú sórí ọ̀pá ọparun, abẹ́ ẹ̀ ni àwọn ọmọ igi inú láílọ́ọ̀nù dúdú tò sí ní ìlà-ìlà. Máńgòrò tí wọ́n gé orí ẹ̀ so mọ́ ìdí òmíràn kó lè tètè so, ọsàn, àgbálùmọ̀, ìbẹ́pẹ, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹrẹgún, àti oríṣiríṣi òdòdó tí àwọn onílé ńlá máa ń wá fi ọkọ̀ kó. Ẹ̀yìn pátápátá ni ibi tí èmi fẹ́ràn jù wà, pẹpẹ onígi kan tí wọ́n to ìgò sí, ìgò ọtí, ìgò oyin, ìgò kọfí, inú wọn ni irúgbìn ẹ̀fọ́ wà, wọ́n bu eérú mọ́ ọn kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, wọ́n wá dé e pinpin. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, ata. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Ìdí-Ìṣin níbi tí NIHORT wà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 láti máa ṣèwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, ọ̀kan nínú ilá tí Màmá sì ń tà, láti ibẹ̀ ló ti jáde, NHAe 47-4. Wọ́n máa ń pe lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn geere, bí ẹni ń ki ọmọ ẹ̀ ní oríkì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, owó wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ rà. Mo ka tòmátò, mo ka ata, mo ka ùgú, mo ka kùkúńbà, mo tún fi òdòdó kún un. Màmá gbọ́ mi délẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo loòrùn máa ń gbà wọ ẹ̀yìnkùlé yín? Aago mélòó ló ń dé, aago mélòó ló ń kúrò?" Mi ò mọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ilé yẹn o. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n jókòó síbẹ̀ odidi ọjọ́ kan, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n kí n padà wá. Wọn ò ta nǹkan kan fún mi. Inú bí mi, torí ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀ kí n tó débẹ̀. Àmọ́ mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn láti aago méje àárọ̀, mo mú ìwé ọmọ iléèwé kan dání àti báírò, ohun tí mo kọ síbẹ̀ rèé:

"Oòrùn ò dé ìdí ògiri kí aago mẹ́wàá tó lù. Láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́ta, gbogbo ọ̀dọ̀ táǹkì omi ló ń gbà á. Láti aago méjì lọ, máńgòrò aládùúgbò ti bo apá ọ̀tún."

Ìlà mẹ́ta. Alẹ́ ni mo tó wá rí i pé mi ò pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀.

Ìgbà tí mo padà lọ ni wọ́n ṣàlàyé bí ọjà wọn ṣe rí fún mi, ohun tó sì mú mi jókòó kọ gbogbo èyí gan-an nìyí. Irúgbìn tí ẹ bá rà lọ́wọ́ Màmá tó bá kú, tàbí tí ò hù, wọ́n á bá yín pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá. Ìwé tí ẹ ti kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín sí, ibi tí ẹ gbìn ín sí, omi tí ẹ bù sí i, ajílẹ̀ tí ẹ fi sí i, òjò, oòrùn, ohun tí ẹ rí lára ewé ẹ̀. Ẹni tí ò bá ní ìwé, á tún un rà ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tajà báyìí rí, n'Ìbàdàn tàbí ibòmíì, pé ẹni tó ń tà ń bèèrè pé kó o lọ máa wo nǹkan tó o rà dáadáa, kó o sì sọ ohun tó o rí. Wọ́n ní ìdí ẹ̀ ni pé tí irúgbìn bá kú, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ àwọn ni ó ti bàjẹ́ ni tàbí ọwọ́ oníbàárà, torí èyí tó bá jẹ́ tiwọn, wọn ò ní tà á fún ẹlòmíì mọ́.

Màmá ò ka ìwé fúnra wọn, ojú wọn ò ríran sún mọ́ tòsí mọ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló máa ń kà á sókè, ọmọkùnrin kan báyìí tí ohùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, á dúró láàárín àwọn ọmọ máńgòrò, á máa kà á, àwọn oníbàárà tó kù á máa gbọ́, Màmá á máa fi ọwọ́ tu koríko inú láílọ́ọ̀nù, wọ́n á máa mi orí.

Nínú oṣù karùn-ún, ṣọkọ tí mo gbìn pọ́n, ó sì rọ, ni mo bá mú ìwé mi lọ. Mo ti ń gbádùn ìwé yẹn nígbà yẹn, mo ti ń dárà sí i. Ọmọ yẹn wá kà á débi tí mo kọ pé, "Mo fi omi tútù tu ọkàn ewé náà nínú bí ìyá tí ń tu ọmọ rẹ̀ tí ń sunkún." Màmá dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Agolo mélòó?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, kí lẹ wí? Wọ́n ní, "Omi tó o bù sí i. Agolo mélòó?"

Mi ò lè sọ. Ẹni tó bá ń bomi rin ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ wọn, agolo mílíìkì ńlá tí wọ́n fi ìṣó lu ìdí ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un, kí omi lè máa kán sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí òjò kí ó má bàa wú gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé mo bu omi. Mo mọ bó ṣe rí lára mi bí mo ṣe ń bù ú. Iye tí mo bù ni mi ò mọ̀. Màmá ò bá mi jà, wọ́n kàn ní kó máa kà á lọ, ó wá kan ibì kan níwájú tí mo kọ ọ́ sí gbáàgbáà pé omi ń dúró sórí ilẹ̀ di ọ̀sán, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ohun tó pa á, omi ló pọ̀ jù, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀. Wọ́n ní kí n lọ kọ ebè kó ga díẹ̀, kí n da yanrìn mọ́ ọn. Wọ́n sì tún bu irúgbìn ṣọkọ míì fún mi.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé, láti Jẹ́ríkò títí dé Mọ́kọ́lá, agolo mélòó yẹn ni mò ń gbọ́. Mo ń ro gbogbo ìwé tí mo ti pa rẹ́ láti oṣù mọ́kànlá. Gbogbo wọn dùn létí. Kò sí ẹni tó lè ka ọ̀kankan nínú wọn kó sọ fún mi ohun tó pa ewé náà.

Eré kan wà tí mo ti ń bá jà látìgbà yẹn, obìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ rìnrìn àjò tí ò padà mọ́. Mo ti kọ ibi tí ó ti ń ṣàárò ọkọ ẹ̀ yẹn lọ́nà bí ogún, ẹkún, orin, òwe, ìmí ẹ̀dùn, gbogbo ẹ̀ ni mo gbìyànjú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí i, mo wá bi í léèrè bí Màmá ṣe bi mí: agolo mélòó? Kí ni obìnrin yìí ń ṣe láàárọ̀ gan-an? Mo rí i pé ó ń ro àmàlà, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ iye èlùbọ́ ẹni méjì, ó rò ó tán kó tó rántí, ó wá bu ìyókù sínú ọ̀rá, ó gbé e fún ọmọ aládùúgbò, ó sọ fún un pé òun ṣì í rò ni. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta ọmọ yẹn ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kó tó ro ó. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sí ẹkún kankan níbẹ̀, mo sì parí eré náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò sọ pé irúgbìn ṣọkọ ló kọ ọ́ o. Mo ń sọ pé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, ó sì jẹ́ pé ẹni tó ń tajà fún mi ló rán mi létí, láìmọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìgbà tó yá ni mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Oníwèé mi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọjà fúnra ẹ̀, torí ẹlòmíì ò wá ìtàn, ẹ̀fọ́ ló fẹ́ jẹ.

Tẹ̀tẹ̀ wọn dáa gan-an, tí mo bá ní kẹ́ ẹ ra ẹyọ kan, òun ni kẹ́ ẹ rà. Irúgbìn ẹ̀ kéré bí ìyẹ̀pẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fọ́n ọn lásán ó máa ṣùjọ síbì kan, Màmá ló kọ́ mi pé kí n po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí n tó fọ́n ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ó ti yọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ti ń fà á sínú ọbẹ̀. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, lọ́dọ̀ tèmi o, òótọ́ ni.

Ti ewédú ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti gbin ewédú rí, ṣáájú kí n tó mọ Màmá, mo ra irúgbìn ẹ̀ nínú ọjà, mo gbìn ín, mo retí retí, mẹ́ta péré ló hù. Mo rò pé irúgbìn yẹn ti kú ni. Màmá ní kò kú, ó sùn ni, èèpo ẹ̀ ló le. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun kékeré kan, wọ́n sè omi títí ó fi ń hó, wọ́n rì í bọ inú ẹ̀, wọ́n ka ení èjì títí dé ẹẹ́wàá, wọ́n yọ ọ́ kíá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó kó tutù. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti sè é jinná. Nígbà tí mo gbé e délé tí mo gbìn ín, ó yọ bí irun orí. Mo jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ tó yọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Ewédú ti jí. Mi ò lè kà á." Ó yẹ kí n kà á ṣá, Màmá bi mí.

Ata rodo wọn, ọmọ tó ti hù ni wọ́n ń tà, wọn kì í tà á tí kò bá tíì tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú nọ́sìrì, kò sí bí ẹ ṣe bẹ̀ wọ́n tó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa gbìn ín lálẹ́, kí oòrùn má bàa pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbin méjìlá sínú rọ́bà pénǹtì tí mo ti lu nídìí, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo ti ń ká ata, mi ò ra ata rodo fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ata lásìkò ọ̀wọ́n.

Ajílẹ̀ wọn náà, ìgbẹ́ adìẹ ni, àmọ́ èyí tí wọ́n ti dà jọ tó ti tutù tó ti gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilé adìẹ jáde máa ń gbóná, ó máa ń jó gbòǹgbò, mo ti fi pa tòmátò mẹ́fà rí kí n tó mọ̀. Fún kòkòrò, wọn ò ta oògùn kankan, ewé dóńgóyárò ni wọ́n ní kí n gún, kí n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí n sẹ́ ẹ, kí n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí n wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún kòkòrò kéékèèké ara ewé. Fún tata tó ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń mú wọn láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì mú ìyẹ́ wọn wúwo tí wọn ò lè fò jìnnà.

Àárọ̀ kùtù yẹn ti wá di nǹkan míì sí mi. Mi ò kì í mú fóònù lọ sẹ́yìn, ọwọ́ mi máa ń ní ẹrẹ̀. Ládàánì ti pe ìrun tán, ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná á kọjá lójúlé, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á kú, ibẹ̀ á wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí kí àwọn ọmọ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mò ń bomi. Èèyàn ò lè rò nǹkan ńlá tó bá ń ka agolo. Ení, èjì, ẹẹ́ta, kí omi wọlẹ̀, ó tún di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Tí mo bá wá wọlé, tí mo fọwọ́, tí mo jókòó, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Nígbà ọyẹ́, nínú oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ó gbẹ lọ́gbà, ó tún gbẹ lórí ìwé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò rí nǹkan kọ yàtọ̀ sí "Ewúro nìkan ló ṣì tutù." Àmọ́ mo kọ ọ́. Ọdún tó ṣáájú, mi ò bá má kọ nǹkan kan rárá.

Kò sí ibi tí ò ní àléébù, ẹ jẹ́ n sọ ti ibẹ̀ náà.

Irúgbìn inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti òkè òkun, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, àwọn yẹn, ẹ má rà á níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ra kárọ́ọ̀tì, kò hù, ìgbà tí mo yẹ ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn wò, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Màmá dá ààbọ̀ owó mi padà, wọ́n ní àwọn náà kàn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in ni, inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí ìdáhùn yẹn, torí wọ́n ń bi àwa léèrè agolo mélòó, ó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó ń pín in fún wọn léèrè ọjọ́ wo. Mo sọ ọ́ fún wọn lójú wọn. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni, àmọ́ mo ṣì rí àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn lórí tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ùgú ńkọ́? Mo gbin márùn-ún, gbogbo márààrún jẹ́ akọ, kò sí èyí tó so. Mo mú ìwé lọ, Màmá ní ti èyí ò sí ní ìkáwọ́ àwọn, torí èèyàn ò lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo lára ùgú àfi tó bá yọ òdòdó. Òótọ́ nìyẹn, mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ míì. Mò ń já ewé ẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé irúgbìn inú ẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ gbìn ju márùn-ún lọ.

Wọn kì í gbé ọjà délé. Mo ní kí n fi ọlọ́kadà kan tó ń gbé ẹrù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ogún ọmọ ata ni mo rà, ó kó wọn dùbúlẹ̀ sínú àpótí ẹ̀, mẹ́tàlá ló ṣẹ́. Ẹ lọ fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọkọ̀, ẹ mú páálí tó ga dání kẹ́ ẹ lè to wọ́n dúró. Àti pé ẹ má lọ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gọ́tà yẹn máa ń kún, pákó tí wọ́n fi sọdá ẹ̀ á máa yọ̀, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ dá gun orí ẹ̀.

Ti owó, ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọn irúgbìn ẹ̀fọ́, ₦200 ni ìdérí kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ₦300 ni báyìí, ìdérí kan tẹ̀tẹ̀ á kún ebè mẹ́ta sí mẹ́rin dáadáa. Ọmọ ata kan, ₦100. Àpò ajílẹ̀ kan, ₦2,500, tí ẹ bá dá àpò wọn padà wọ́n á yọ ₦200 kúrò nínú owó èyí tí ẹ bá tún rà. Wọ́n ń gba káàṣì, wọ́n ń gba tiransifá, àmọ́ ẹ dúró kí álẹ́ẹ̀tì wọlé, ọmọ yẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àárọ̀ Túsìdé ló dáa jù, èrò ò pọ̀, Màmá á ráyè gbọ́ ìwé yín dópin. Sátidé, àwọn onílé ńlá ló kún ibẹ̀ nítorí òdòdó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ka ojú ìwé méjì péré kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá.

Ẹ má fi fóònù kọ ọ́ o. Ọkùnrin kan gbìyànjú ẹ̀ lójú mi, ó ní inú fóònù lòun kọ tòun sí, ó ń yí i lọ yí i bọ̀, bátìrì wá kú. Ìwé ọmọ iléèwé olójú ìwé ogójì, báírò, ó parí. Tèmi ti di ìwé kẹta, ti àkọ́kọ́ ti gba òjò ojú ìwé ẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àmọ́ ìlà mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣì ṣeé kà.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó sì rọ ilẹ̀ dáadáa lánàá. Túsìdé tó ń bọ̀ ni màá lọ. Ọ̀pá ewúro mẹ́fà, ìdérí ewédú méjì, ṣọkọ ìdérí kan, mo sì fẹ́ bi Màmá nípa àgbálùmọ̀ kan tó ga tó orúnkún mi tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ní igun ọ̀dọ̀ fẹ́ǹsì, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí ibi tí mo fẹ́ gbìn ín sí, mo ti jókòó wò ó, mo ti kọ ọ́: ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá sí ògiri, oòrùn láti aago mẹ́wàá sí mẹ́ta.